Àtúnṣe tí Ń Purọ́

Àwọn kan a máa ra pákó tí a ti gé sílẹ̀, wọn a fi kan ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, wọn a sì máa tún un ṣe títí yóò fi wuni. Iṣẹ́ sùúrù ni, a kò sì gàn án. Ṣùgbọ́n bí ará Ìkòtún kan bá ń kan àwòrán Esperança Felix ńkọ́, ọkọ̀ Potogí tí a kó Àjàyí Crowther sí ní Èkó ní April 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, tó gbà á? Bí ó bá ṣe ìgbòkun lọ́ṣọ̀ọ́, tí ó sì fi pákó bo ikùn ọkọ̀ tí a há ẹrú 187 mọ́, ẹwà rẹ̀ purọ́. Lójú tiwa, àtúnṣe òtítọ́ ni kí ó ṣí ikùn náà sílẹ̀, kí ọmọdé tí ó bá wò ó lè béèrè pé, Ta ni ó wà níhìn-ín?