ỌJỌ́ MẸ́TA NÍ MẸ́KÀ: ÀDÉHÙN NI FÍSÀ

 

 Ibi yòówù kí ọ̀dọ́ ti pé jọ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kì í ṣaláì jáde. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: bí ènìyàn bá gba físà ìbẹ̀wò, tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó jókòó síbẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́? Àwọn kan a ní, "Kò jalè, kò pànìyàn, ìwé lásán ló ṣẹ̀ sí." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ wa. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ṣòwò níbẹ̀, wọ́n tẹ̀dó sí Tamale àti àwọn ọjà mìíràn ní àríwá, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Nígbà tí Góòlù Kóòsì di Gánà ní 1957, wọ́n di àlejò níbi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní onílé. Òfin jáde ní 1963 pé kí àlejò ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò gbà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia kéde pé kí ẹni tí kò ní ìwé náà gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Ọjà tí a fi ogún ọdún kó jọ di ohun tí a ń tà ní ìtàkutà. Àwọn ọmọ tí kò rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí bá òbí wọn sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn kò fi irọ́ wọ ìlú. Inú ilé wọn ni òfin ti bá wọn. Wọn kò dà bí ẹni tí ó mọ òfin kí ó tó wọlé, tí ó fọwọ́ sí i, tí ó sì ti pinnu lọ́kàn pé òun kò ní tẹ̀lé e. Ẹni kejì yìí ni ìbéèrè wa ń bá wí.

Fọ́ọ̀mù físà a máa bi wá pé: kí lo ń lọ ṣe? Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ lò? Ìdáhùn wa ni àdéhùn wa. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa ti ìgbà àtijọ́ ní orúkọ fún irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, amaan ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wọ ìlú àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú amaan kò gbọdọ̀ dalẹ̀ wọn. Àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ ló sì bẹ̀rẹ̀ Suuratul-Maa'idah.

Ẹ wo ìṣe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ní ọdún kẹfà Híjírà (628), òun àti àwọn Mùsùlùmí jáde láti Mẹ̀dínà láti lọ ṣe Umrah. Àwọn Kùráìṣì dá wọn dúró ní Hudaibiyyah. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé kí wọ́n padà lọ́dún náà. Bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n wá, kí idà wọn wà nínú àkọ̀, kí wọ́n má sì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kí ni èyí bí kò ṣe físà? Ta sì ni àlejò? Ọmọ bíbí Mẹ́kà ni. Àwọn wo ni onílé? Àwọn tí wọ́n fi ìnilára lé e jáde, tí wọ́n sì gba ilé àti dúkìá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní 629 wọ́n wọlé. Bí ọjọ́ mẹ́ta ti pé, àwọn Kùráìṣì ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Maimunah nígbà náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun se àsè ìyàwó láàárín wọn, kí àwọn náà sì wá jẹun. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó jáde. Sarif, lẹ́yìn ìlú, ni ó ti gba ìyàwó rẹ̀ sọ́dọ̀.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé, "Òyìnbó ti kó wa lẹ́rú rí, n kò jẹ ẹ́ ní àdéhùn kankan," kí ó rántí ọjọ́ kẹta yìí. Bí ẹlòmíràn tilẹ̀ jẹ wá ní gbèsè, ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu ara wa sọ ṣì wà lọ́rùn wa.

Ẹni tí ewu ń lé ńkọ́? Ọ̀nà wà fún un láti tọrọ ààbò, ṣùgbọ́n kí ó tọrọ rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí sá lọ sí Abisíníà, Ja'far ọmọ Abu Talib sọ òtítọ́ níwájú ọba, àní lórí ọ̀rọ̀ Ànábì Isa, níbi tí irọ́ ìbá ti dà bí ohun tó rọrùn jù.

A kò fojú kékeré wo ìyà tí ń jẹ ọ̀dọ́. A mọ ẹni tí ó gba dìgírí tí ó ń fi ọ̀kadà jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irọ́ ń gbé ènìyàn dé. Bí ọ̀gá bá há owó iṣẹ́ ẹni tí kò níwèé, kò lè fẹjọ́ sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá kú ní Ọ̀yọ́, kò lè wá sin ín, nítorí bí ó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Ọ̀pọ̀ sì ń ṣẹ̀ nítorí àìmọ̀. Ọjọ́ tó wà lára físà Amẹ́ríkà ń sọ ìgbà tí a lè fi í dé ibodè ni. Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìwọlé I-94 ni gbèdéke ìgbà tí a ó kúrò. Ẹni tí ó bá fi ohun tó lé ní ọjọ́ 180 kọjá gbèdéke kí ó tó jáde, ọdún mẹ́ta ni wọn yóò fi tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá tó ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni. Físà ìbẹ̀wò ìlú Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ìbẹ̀wò kan kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ. Físà Umrah kì í ṣe ìwé iṣẹ́ ní Jeddah. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àdéhùn 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Bí a bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tọrọ àyè. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà fún wa níbikíbi, kí a béèrè kí ọjọ́ tó pé.

Kí a má sì gbàgbé pé àwa náà ti ṣe onílé rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní. Àwa tí wọ́n lé ní 1969 yẹ kí a mọ bí ó ti ń dunni. Bí àlejò ti jẹ onílé ní òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni onílé jẹ àlejò ní àánú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kí ẹni tí yóò lọ lọ. Kí ó ka ohun tí ó ń fọwọ́ sí, kí àníyàn ọkàn rẹ̀ sì bá ohun tí ó kọ mu. Ẹni tí ó bá sì ti wà nínú rẹ̀, kí ó wá agbẹjọ́rò tòótọ́, kí ó tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe nígbà tí àyè ṣì wà. Kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà hàláàlì fún wa, kí Ó má ṣe wá ní ọ̀dàlẹ̀ nílé àti lájò. Àmín.