ÈWO NI TI OLÚWA NÍNÚ ÀWỌN ỌKỌ̀ RẸ?

Bíbélì Kíkà: Luku 5:1-11; Marku 3:7-10
Àkọ́sórí: Luku 12:15 (Kí ẹnì kan ṣí i, kí ó kà á sókè kí a tó tẹ̀ síwájú.)

 

Ní àkókò Kérésìmesì kan, arákùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa níhìn-ín ní Mopa wálé láti Èkó. Nígbà tí ìsìn ìdúpẹ́ parí, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ní ọkọ̀ ojú omi méjì. Mo fẹ́ ra ẹ̀kẹta. Ìyàwó mi ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Òkè àti àpáta ni àwa mọ̀ ní ìlú yìí. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pè wá ní Okun, ṣùgbọ́n ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, kì í ṣe òkun oníyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí omi ńlá rí àfi ìgbà tí a bá lọ sí Lokoja. Mo rò pé ọkọ̀ èrò ni arákùnrin yìí fi ń ṣòwò. Ó ní rárá o, fàájì ni ó ń fi wọ́n ṣe.

Mo bi í pé, "Bí ó bá jẹ́ fàájì, ṣé ẹyọ kan kò tó ni?"

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì ńlá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rí ṣóńṣó bí ìdí àáké, kí ó lè máa la ìgbì. Òun ni ó fi ń kó ẹbí àti àlejò la ọ̀sà kọjá lọ sí Tarkwa Bay àti Ilashe ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e wọ inú odò kékeré tí omi rẹ̀ kò jìn, ìdí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, koríko orí omi á sì wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni ó ṣe ra èkejì, kékeré, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí ni ó fi ń lọ dẹ ìwọ̀ fún ẹja. Kò sí kọ̀rọ̀ tí kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e dé ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ìgbì kan ṣoṣo lè yí i dànù. Ẹ̀kẹta tí ó wá ń wù ú jẹ́ onígbòkun, tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni yóò máa tì í. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń wo àwọn tó ń fi irú rẹ̀ sáré ìje lórí ọ̀sà, nítorí láti ọdún 1932 ni Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó.

Luku 12:15 ti wà lẹ́nu mi. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé ojúkòkòrò ni. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ dá mi dúró, ó mú mi rántí ilé ìdáná ìyàwó mi. Ìkòkò mélòó ló wà níbẹ̀? Èyí tó fi ń se iṣu fún iyán kì í ṣe èyí tó fi ń se ọbẹ̀. Bàbá tó bí mi, àgbẹ̀ ni. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ro oko, àdá ìṣánko sì yàtọ̀ sí àdá tí wọ́n fi ń kọ ẹ̀mu. Kò sí ẹni tó pe bàbá mi ní olójúkòkòrò. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ra, ẹ̀yin ará. Nígbà mìíràn, ohun tí a kò ní ni a máa ń yára pè ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya. Orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, wà nínú ìrìn-àjò náà. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Méjì tóbi, Soudan ni ó kéré jù. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé, ní Lokoja wa yìí, ibà ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dè. Ní oṣù Kẹsàn-án, Soudan kékeré yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn aláìsàn sí, ó sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Wilberforce tẹ̀lé e pẹ̀lú àwọn aláìsàn mìíràn. Albert nìkan ló gòkè odò lọ. Ó lé ní 40 òyìnbó tó kú nínú ìrìn-àjò náà. (Ní 1854, ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad gòkè odò kan náà, Crowther tún wà níbẹ̀, kò sì sí òyìnbó kankan tó kú, nítorí pé wọ́n ń lo kuníìnì lójoojúmọ́. A ó sọ ìtàn ìyẹn ní ọjọ́ mìíràn.) Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni èyí: bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, yálà kí àwọn aláìsàn bá a gòkè lọ láti lọ kú sọ́hùn-ún, tàbí kí ìrìn-àjò náà parí sí Lokoja. Ọkọ̀ tó kéré jù ni ó kọ́kọ́ gbé aláìsàn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo inú Bíbélì. Ọkọ̀ méjì ni Jésù rí létí adágún. Ó wọ ti Símónì, ó sì sọ ọ́ di àga ìwàásù. Àwọn apẹja ti fọ àwọ̀n wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n, gbogbo òru ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lásán. Lẹ́yìn ìwàásù, Olúwa ní kí wọ́n ti ọkọ̀ sí ibi tó jìn. Ẹja pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀n fẹ́ ya. Kí ni Símónì ṣe? Kò dákẹ́ kí gbogbo ẹja lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó juwọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ kejì. Wọ́n wá. Ọkọ̀ méjèèjì kún, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Halleluyah!

Ṣé o rí i? Ìbùkún tí Jésù ń bọ̀ wá fún Símónì ju ohun tí ọkọ̀ kan lè gbà lọ. Ọkọ̀ kejì kò lòdì sí ìfẹ́ Ọlọ́run. Bí a bá ka Marku 3:9, a ó rí i pé Olúwa fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fi ọkọ̀ kékeré kan dúró de òun, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má baà há òun mọ́. Ọkọ̀ yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó wà nítòsí, kí ó ṣeé pè.

Ibi tí mo ti rí ìbéèrè tí mo bi arákùnrin wa nìyẹn. Mo ní, "Èwo nínú àwọn ọkọ̀ rẹ ló ṣeé pè? Bí Jésù bá ní kí o gbé ọ̀kan wá ní ọ̀la, ṣé yóò rí i?"

Ó dákẹ́. Mo tún bi í pé ọjọ́ wo ni ó máa ń gbé wọn jáde. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ọjọ́ Sunday ni.

Ó wá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní omi iyọ̀ a máa jẹ irin, bí òun bá ti dé, a ní láti fi omi tútù ṣan ẹ́ńjìnnì. Òun ń sanwó ibi tí wọ́n so wọ́n sí, òun ń sanwó ọmọkùnrin tó ń tọ́jú wọn. Ó ní, "Pásítọ̀, ọkọ̀ tí kò rìn ló ń náni lówó jù. Bí mi ò bá gbé wọn jáde, wọ́n á bàjẹ́. Bí mo bá sì gbé wọn jáde, mi ò ní rí ìsìn bá." Ó tó oṣù mẹ́rin tí kò ti jókòó nínú ìjọ kankan ní Èkó. Ó rò pé òun ló ni ọkọ̀ méjì, àṣé àwọn ọkọ̀ ti ní in. Ìyẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀, kò kàn mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ ni.

Ǹ bá fẹ́ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Bí mo ti ń sìn ín dé ẹnu géètì, ó rí ọ̀kadà méjì lábẹ́ àtíbàbà mi. Ó bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, "Pásítọ̀, ta ló ń gun ìkejì yìí?" Mo ní mo fi pamọ́ ni, bóyá ọjọ́ kan àkọ́kọ́ lè bàjẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó kí mi pé ó dàárọ̀.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ajíhìnrere tí a rán sí ibùdó wa ní Takete-Isao ń fi ẹsẹ̀ rìn, bí kò bá rí owó ọ̀kadà. Mo mọ̀. Mo tilẹ̀ ti gbàdúrà fún un ní gbangba pé kí Ọlọ́run pèsè ohun ìrìnnà! Àdúrà ti gbà, ó wà lábẹ́ àtíbàbà mi, eruku bò ó. Ẹ má rò pé mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá àwáwí. Mo ní táyà rẹ̀ kò dára, mo ní ìwé rẹ̀ kò pé. Nígbà tí mo fún un tán, tí àkọ́kọ́ bàjẹ́ lóòótọ́ lóṣù kejì, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ojú ajíhìnrere ti rí.

Ọkọ̀ kan tún wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Nínú Iṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27, ọkọ̀ ńlá tí Pọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí ìjì le, àwọn atukọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni pé ìdákọ̀ró ni wọ́n fẹ́ lọ jù, àṣé sísá ni wọ́n fẹ́ sá. Àwọn ọmọ ogun gé okùn rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó bá omi lọ. Mo mọ ẹni tó ń bá wa gbààwẹ̀ ní ìjọ, tí ó sì ní ilé babaláwo kan tí ó ń yọ́ lọ ní òru, bóyá àdúrà lè pẹ́ kí ó tó gbà. Ọkọ̀ kékeré rẹ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí à ń ya ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀ o. Gé okùn rẹ̀ lónìí!

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá arákùnrin wa ra ọkọ̀ kẹta. Ó rà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Saturday ni ó ń gbé e jáde báyìí. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ yẹn, ó ti fi lé ìjọ kan lọ́wọ́ ní Èkó, tí wọ́n ní àwọn ará ní abúlé kan láàrin omi, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Wọ́n fi ń kó wọn wá sí ìsìn láràárọ̀ Sunday. Bí ó bá fẹ́ dẹ ìwọ̀, ó ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kùn díẹ̀ nípa onígbòkun náà, mo sì ti sọ fún un pé kí ó bá Olúwa sọ ọ́, kí ó má bá èmi sọ ọ́ mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ní Mopa ní òwúrọ̀ yìí, o lè máà ní ọkọ̀ ojú omi kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ńkọ́? Ilẹ̀ oko tó ti di igbó? Yàrá tí o tì pa de àlejò tí kò wá? Kí a tó dìde lórí eékún wa, dárúkọ ọ̀kan fún Olúwa.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Bàbá, o ṣeun fún gbogbo ohun tí o fi sí ìkáwọ́ mi, kékeré àti ńlá.
2. Olúwa, ohun kan tí mo rò pé mo ní, tí ó sì jẹ́ òun ló ni mí, gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ní orúkọ Jésù.
3. Ẹni tó ń juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀ mìíràn, Olúwa, jẹ́ kí n rí i kí ó tó rì.
4. Gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó ń rìn lórí Odò Ọya ní ìpínlẹ̀ wa, àwọn ìyá ọlọ́jà pàápàá, kí wọ́n lọ kí wọ́n sì bọ̀ ní àlàáfíà.
5. Dárúkọ ajíhìnrere kan tí o mọ̀. Gbàdúrà fún un, kí o sì bi Ọlọ́run pé kí ni ó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ tí ó jẹ́ tirẹ̀.