Ẹni tí ó lọ kọ́ sinimá ní òkèèrè, kí ni ó jẹ wá?

 

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan parí yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Faransé, kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá sí i fún ọdún méjì. Ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Owó kò tó, àfi bí a bá ta oko ọ̀pẹ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Àwọn kan ní bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ dókítà ni, à bá tà á kíá. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń fún epo, béèrè pé: "Bí ó bá kọ́ ọ tán, ṣé yóò yà wá ni, àbí yóò tà wá?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ẹ gbọ́ ìtàn ẹnì kan. Ní ọdún 1925 ni wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Wọ́n rán an lọ sí Faransé láti kékeré. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ilé-ìwé sinimá kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní IDHEC. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ó mọ bí a ti ń di kámẹ́rà mú, ó mọ bí a ti ń to àwòrán pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti ọdún 1934, tí mínísítà Pierre Laval fi ọwọ́ sí. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya sinimá ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣe àkóso rẹ̀ ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ gómìnà ná. Ẹ rò ó wò. Ọmọ kọ́ iṣẹ́ tán, wọn kò sì jẹ́ kí ó lò ó ní ilé bàbá rẹ̀.

Kí ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe? Wọ́n ya ibi tí wọ́n wà. Ní ọdún 1955 wọ́n gbé sinimá kékeré kan jáde, *Afrique-sur-Seine*, nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé Paris. Tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ funfun ni ó máa ń ya dúdú. Nísisìyí dúdú di kámẹ́rà mú ní ìlú aláwọ̀ funfun.

Lẹ́yìn náà, kò padà wá jókòó sí Àjàṣẹ́. Dakar ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní ọdún 1987. Ṣé ó jẹ Àjàṣẹ́ ní gbèsè? Ẹlòmíràn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé lórí sinimá Áfíríkà, ó sì ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ousmane Sembène, ará Senegal.

Ọ̀rọ̀ Sembène yìí gún èmi olùkọ́ yín lọ́kàn. Òǹkọ̀wé ni. Èdè Faransé ni ó fi ń kọ̀wé, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lè ka ohun tí òun kọ. Nígbà tí ó ń lọ sí ẹni ogójì ọdún, ó lọ sí Moscow, ó lọ kọ́ sinimá. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé orí yín ti gbó jù fún ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́ o!) Ní ọdún 1963 ó ṣe *Borom Sarret*, ìtàn ọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù ní Dakar. Ní ọdún 1968 ó ṣe *Mandabi*, ní èdè Wolof. Ẹni tí kò mọ A kò mọ B lè wò ó, kí ó sì gbọ́ ọ yé.

Ẹ̀kọ́ tí Sembène gbà ní òkèèrè kò sọ ọ́ di àlejò sí èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ẹlòmíràn dà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ó wá pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n ya ọmọ tí kò wọ aṣọ, wọn kò ya ìyá rẹ̀ tí ń fọ aṣọ náà lọ́wọ́. Wọ́n lọ, a kò rí àwòrán náà títí di òní. Èyí ni ẹ̀gbọ́n mi pè ní títà.

Nítorí náà, bí a bá ta oko ọ̀pẹ, n kò gbà pé a ti ra ọmọ náà. Owó tí a fi rán ọmọ kì í ṣe okùn tí a so mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ kí ó máa gbé Dakar tàbí Paris, kí ó máa gbé e. Ohun tí ó jẹ wá ni pé kí ó bi wá léèrè kí ó tó yà wá, kí ó sì jẹ́ kí àwa tí ó yà rí ohun tí ó yà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìyẹn kéré ju oko ọ̀pẹ lọ. Àwa méjèèjì kò tíì fẹnu kò.

A kò tíì ta oko náà. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà tí ń fún epo, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó lọ ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tí ó yá. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò ya nǹkan kan. Ìyá náà ti gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́ pé kí ó gún èkùrọ́ ná.