Ìwúre fún Tọkọtaya Tó Ń Tún Ilé Àgbà Ṣe ní Atakpamé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ìsinsìnyí ló ń sá fún ilé àgbà. Wọ́n á lọ ra ilẹ̀ létí títì, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin ní ilé alámọ̀ tó wà ní Djama yìí náà lẹ ó gbé. Àwọn baba tó gbé orúkọ Ifẹ̀ wá sórí òkè wọ̀nyí, kí wọ́n dúró tì yín. Àwọn tó sùn sínú ilẹ̀ ilé náà, kí ariwo òòlù yín má bí wọn nínú. Àṣẹ.

Mo wo ògiri ẹ̀yìn ilé. Òjò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú, síbẹ̀ òkè rẹ̀ kò yẹ̀, ipa ìka ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà lára rẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n mọ ọ́n: wọ́n á fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á dáadáa, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú gbé ìpele lé ìpele tútù, òun náà ni yóò kó o nílẹ̀. Ní Gánà, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi ń pe irú ògiri bẹ́ẹ̀ títí dòní: atakpamé. Orúkọ tó rìn jìnnà tó báyìí, kí ó má bàjẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìgbéyàwó yín náà, kí Olódùmarè fún un ní oòrùn tó tó. Bí ọmọ bá dé, kí ó bá a ní líle. Bí owó bá wọ́n, kí ó bá a ní líle. Bí ẹbí bá gbé ẹnu wọn dé (wọn á kúkú dé), kí ó bá a ní líle. Àṣẹ.

Ẹni tó bá ní kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rinrin á há sínú, sìmẹ́ǹtì á ṣí bọ́. Kí Ọlọ́run má fún yín ní olùdámọ̀ràn tó ń kun ìta nígbà tí inú ń jẹrà.

Ní Kamina tó wà nítòsí wa, àwọn Jámánì gbé òpó irin gíga dúró, wọ́n fi ń bá Nauen lẹ́bàá Bẹ̀líìnì sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Nígbà tí ogun ká wọn mọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó o. Kí ọwọ́ yín má wó ohun tí ọwọ́ yín mọ. Kí ìbínú alẹ́ kan má ba iṣẹ́ ọdún gbọọrọ jẹ́. Àṣẹ.

Ìwọ ọkọ, mo mọ̀ pé fèrèsé onígíláàsì lò ń wò. Ilé ìdáná ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Ìyàwó wa, má sọ fún un pé ìwọ lo bẹ̀ mí. Kí iná má kú níbẹ̀, kí iṣu tuntun má wọ́n nínú odó yín lọ́dọọdún.

Kápẹ́ńtà tí yóò gun òrùlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yẹ̀. Ikán tó jẹ igi àjà, kí ó má jẹ àpò yín. Kí ẹni tó gba àsansílẹ̀ má sá lọ sí Lomé. Kí páànù tuntun ti wà lórí ilé kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Àṣẹ, àṣẹ.

Ó yá, ẹ gba obì yìí, ẹ pín in fún àwọn bíríkìlà. Ebi ti ń pa wọ́n.