Sàárà, Ẹ̀tọ́ àti Ọmọ Tó Ń Fa Afọ́jú

Ohun tí ará ìlú ń ṣe fún àkàndá ẹ̀dá, ṣé àánú ni àbí gbèsè? Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni fífi wọ́n ṣẹ̀sín. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, Jésù kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fa ìfọ́jú ẹni tí a bí ní afọ́jú. Ìtàn Ìsìláàmù ló kọjá àánú, tó sì kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Abdullah ọmọ Umm Maktum, afọ́jú tí Súrà Abasa inú Àlùkùránì sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀, Ànábì fi í ṣe ládánì ní Mẹ̀dínà, a sì máa fi ìlú sílẹ̀ fún un nígbà tó bá rìnrìn-àjò. Sàárà wà nígbà náà. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un.

Ní Àbújá, sàárà ló wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ àkàndá ẹ̀dá tó ń gbé Karmajiji, lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, agbe ni wọ́n fi ń jẹun. Nídìí iná ojú títì, ọmọdé a di orí ọ̀pá kan mú, bàbá tó fọ́jú a di orí kejì. Ọmọ ló ń ṣọ́ ọkọ̀ tó dúró, òun ló ń na igbá, òun ló ń ka owó, òun náà ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yà fún ọkọ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì.

Òfin tó de ìdẹ́yẹsí àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 ààyè iṣẹ́, ó kéré tán, sílẹ̀ fún wọn. Ó sì ka fífi àkàndá ẹ̀dá ṣagbe sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Àbújá, ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú wà ní Jabi, ti adití wà ní Kuje. Ọmọ tó ń fa bàbá kiri ńkọ́? Ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló kan án, èyí tó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gba ilé ìwé lọ, ta ni yóò fa bàbá?

Àwọn kan á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ tó ti dàgbà tó ẹni tí ń fúnni lọ́mú ni òwe náà ń bá wí. Èyí tí kò tíì mọ̀wé kọ, ìṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń jogún láàárọ̀ ọjọ́. Ààyè iṣẹ́ tí kò dé ọwọ́ bàbá, ilé ìwé ni ọmọ ń fi dí i. Bí iṣẹ́ bá wà, tí ọ̀nà àti ilé ìjọba sì ṣeé wọ̀ fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, bàbá yóò dá lọ, yóò dá bọ̀. Ọdún márùn-ún ni òfin ọdún 2019 náà fi sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé náà ṣe. Ó pé ní oṣù kìíní ọdún 2024.