Ọjà Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì wá sọ́jà láàárọ̀. Oòrùn pa á títí dìrọ̀lẹ́, tòmátì ti ń rọ̀. Kò sí iná nílé rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fíríìjì. Bó bá gbé e padà, á bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi dúró dìgbà yẹn kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ wá ná an ní ìdajì owó, ó sì gbà. Ṣé ọgbọ́n ọjà lásán nìyẹn, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ẹlòmíì á ní, "Pásítọ̀, mi ò fipá mú un, òun ló gbà." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí kò lè sọ pé rárá, ṣé a lè ní ó gbà tọkàntọkàn? Ìwé Òwe orí 22 kìlọ̀ pé ká má torí pé tálákà ò ní agbára ká wá rẹ́ ẹ jẹ. Orí 20 tilẹ̀ mọ oníbàárà tó ń bu ọjà kù lójú ọlọ́jà, tó wá ń yangàn nígbà tó bá lọ tán.

Ríra ọjà ní ìrọ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ò burú. Owó àwọn mìíràn ò ká ti àárọ̀. Tòmátì tó bá sì ti rọ̀, iye rẹ̀ ti wálẹ̀. Èyí tó burú ni ká fi ìbẹ̀rù ọlọ́jà díye lé ọjà rẹ̀. Àwa tá a ní fíríìjì lè dúró dọ̀la, òun ò lè dúró. Ìyàtọ̀ yẹn la fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Ní Òkè Ọya níbí, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá tí ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò, wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tútù dí àárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Omi inú iyanrìn ń yọ lára ìkòkò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà á lọ, ooru sì ń bá a lọ. Bí àmù àwọn ìyá wa ṣe ń mú omi tutù náà nìyẹn. Ìkàn tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ní 2000 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex. Ó kú ní 2010, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò kú.

Ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún un. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti mumi yó, kò ní fa púpọ̀ mọ́. Ẹran àti ẹja ò sì yẹ ibẹ̀, torí kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó fún ìyá ọlọ́jà ní ohun tó ju òtútù lọ: ó lè sọ pé, "Ẹ má bínú, mò ń gbé e lọ sílé, ó dọ̀la."

Ẹnì kan lè bi mí pé, mánà tí wọ́n pa mọ́ ńkọ́, ṣebí ó yọ ìdin? Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ́kísódù 16. Àmọ́ nínú orí yẹn kan náà, èyí tí wọ́n tọ́jú de Sábáàtì ò bàjẹ́. Jósẹ́fù náà kó ọkà jọ fún ọdún 7, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tibẹ̀ rí jẹ. Ìpamọ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ta la pa á mọ́ fún?

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa figi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà nírọ̀lẹ́, ẹ san iye tẹ́yin náà máa fẹ́ gbà ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀. Bí ọlọ́jà kan bá sì wà ládùúgbò yín tí kò ní iná, ẹ ra ìkòkò méjì fún un, ẹ bá a bu iyanrìn sí i, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe máa bu omi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí Olúwa bù kún ọwọ́ yín.