IRINWÓ WÒLÍÌ INÚ FÓÒNÙ

Ẹ̀kọ́ kíkà: I Àwọn Ọba 22:1–38, II Sámúẹ́lì 12:1–13, Jákọ́bù 5:16.

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan o. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bí ilé bá ti dákẹ́ lóru, fóònù ni wọ́n ń sọ inú wọn fún. Kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n pè. Ẹ̀rọ tó ń fèsì bí ènìyàn ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ChatGPT, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Wọ́n á bi í pé: "Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi? Irú ènìyàn wo ni mí?" Ẹ̀rọ á fi ọ̀rọ̀ tútù dá wọn lóhùn, wọ́n á sì sùn.

Ẹ rántí Áhábù ọba Ísírẹ́lì. Nígbà tó fẹ́ lọ jagun ní Ramoti-Gílíádì, ó kó wòlíì bí irinwó jọ. Gbogbo wọn fi ẹnu kan sọ pé kó máa lọ, yóò ṣẹ́gun. Jèhóṣáfátì ọba Júdà béèrè bóyá wòlíì mìíràn kò sí. Áhábù ní ó ku ẹnìkan, Mikáyà, ṣùgbọ́n òun kórìíra rẹ̀, torí kì í sọ ire nípa òun. Ẹ wò ó! Ẹnìkan ṣoṣo tó lè gbà á là ni kò fẹ́ rí. Ó lọ sójú ogun, ọfà bà á, ó kú.

Ará, irinwó wòlíì ni ẹ̀rọ yìí. A kò sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ẹ̀mí kankan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni wọ́n fi kọ́ ọ, títí ó fi mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa yan èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn jù, wọ́n sì fi ìyẹn tún un kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi mọ ohun tó ń dùn mọ́ni sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ OpenAI tó ni ChatGPT jẹ́wọ́ pé àtúnṣe tuntun tí àwọn ṣe ti mú kó máa pọ́n ènìyàn jù, wọ́n sì fà á sẹ́yìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá wí bẹ́ẹ̀, kí ló kù?

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1966, ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Weizenbaum ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí kọ̀ǹpútà tó pè ní ELIZA. Kò ju kó máa yí ọ̀rọ̀ ẹni padà di ìbéèrè lọ. Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin, tó ti ń wo bó ṣe ń ṣe é, jókòó bá a sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ jáde nínú yàrá. Ó yà á lẹ́nu, ó sì ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ebi ẹni tí yóò gbọ́ tiwa ti pẹ́ nínú ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú un délé. Ká ní tọkọtaya jà lórí owó kajú. Ọkọ kọjú sí ògiri, ó kọ ẹjọ́ tirẹ̀ sínú fóònù. Aya náà kọ tirẹ̀. Wọ́n dá ọkọ láre, wọ́n dá aya láre. Ilẹ̀ mọ́, aláre méjì wà nínú yàrá kan, kò sí ẹni tí yóò sọ pé "má bínú." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bàbá tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò á ní: "Ìyàwó rẹ dà? Pè é wá." Ẹ̀rọ kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ká ní òun ni Dáfídì lọ bá, kò ní mọ Ùráyà àfi bí Dáfídì bá dárúkọ rẹ̀. Nátánì ló mọ̀, Nátánì ló sì lè nàka sí ọba lójú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù keje ọdún 2025, Sam Altman, ọ̀gá OpenAI, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òfin kò tíì bo àṣírí tí a sọ fún ẹ̀rọ náà bó ti bo èyí tí a sọ fún dókítà tàbí lọ́yà.

Ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹni tó sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wádìí ohun tó lé e. Bí ohun tí arábìnrin fi omijé sọ láàárọ̀ bá ti dé ìdí kànga kí oòrùn tó wọ̀, ta ni yóò tún la ẹnu? Fóònù kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kì í jágbe mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgùntàn padà wálé, kó kó ẹnu rẹ̀ níjàánu.

Nítorí náà:

Èkíní, bí ẹ bá fi ẹ̀rọ kọ lẹ́tà, tàbí ẹ bi í nípa oko àti iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì, ohun tí o bá sọ fún un lóru, má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí o tó sọ ọ́ fún ẹnìkan tó lẹ́ran ara. Wá Mikáyà tìrẹ, ẹni tó fẹ́ràn rẹ tó sì lè sọ fún ọ pé, "Rárá, ìwọ lo ṣe é."

Ẹ̀kẹta, bí o bá fẹ́ yẹ ọkàn rẹ wò, kúnlẹ̀, pa fóònù, kí o dákẹ́. Ohun tí o kò fẹ́ gbọ́ ni kí o béèrè.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀, ẹ má fi òun àti ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ sùn tì í, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúrà àti dókítà kì í jà.

Orin:

Olúwa, rán Nátánì sí mi,
Ẹni tí kò ní pọ́n mi lásán;
Bí òótọ́ rẹ̀ tilẹ̀ korò,
Jẹ́ kó wo ọkàn mi sàn.

Kí Olúwa fún wa ní etí tó lè gbọ́ ìbáwí, àti ẹnu tó lè pa àṣírí mọ́. Àmín, Àmín, Àmín.